Sir William Hamilton, ẹni tó ta eré ìrìn-àjò ìlú 20 ní pọ́n-ùn 25

Ní ọdún 1859, ilé iṣẹ́ John Jaques tí ó wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbé ohun ìṣeré tuntun kan jáde sọ́jà. Ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì nínú òwò ohun ìṣeré, nítorí àwọn náà ni wọ́n ti ń ta ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní Staunton láti ọdún 1849, èyí tí àwọn tó ń ta ayò náà káàkiri ayé ṣì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n ti ọdún 1859 yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni. Wọ́n dá ihò 20 sí i, wọ́n fa ìlà láti inú ihò kan dé èkejì, wọ́n sì fi èèkàn kéékèèké 20 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí tì í. Ohun tí ẹni tó bá fẹ́ ṣeré náà yóò ṣe ni pé kí ó máa ki àwọn èèkàn wọ̀nyí bọ inú ihò níkọ̀ọ̀kan, kí ó máa tẹ̀lé ìlà tí wọ́n fà, kí ó dé inú gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ láì tún ẹsẹ̀ bọ ibi tó ti kọjá.

Eré náà kò tà. Àwọn àgbà ní ó dà bí iṣẹ́ ilé ìwé, àwọn ọmọdé sì rí i pé tí àwọn bá ti fi ọwọ́ dán an wò fún ìgbà díẹ̀, àwọn yóò rí ọ̀nà àbáyọ láì mọ ìṣirò kankan. Ilé iṣẹ́ Jaques ni ó ru àdánù náà, nítorí wọ́n ti san pọ́n-ùn 25 fún ẹni tó ṣẹ̀dá eré ọ̀hún. Ẹni náà kì í ṣe oníṣòwò, kì í sì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ìràwọ̀ ni, onímọ̀ ìṣirò tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Amẹ́ríkà ni, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti jẹ́ kí wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá. Orúkọ rẹ̀ ni William Rowan Hamilton.

Òru ọjọ́ kẹta mọ́ ọjọ́ kẹrin oṣù Ògún ọdún 1805 ni wọ́n bí i ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Írẹ́lándì. Bàbá rẹ̀, Archibald Hamilton, ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, Sarah Hutton sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ni ìyá yìí bí, William sì ni ìkẹrin. Orúkọ Rowan tó wà láàárín orúkọ rẹ̀, Archibald Hamilton Rowan ni wọ́n fi sọ, ìyẹn gbajúmọ̀ olùjà-fún-òmìnira ilẹ̀ Írẹ́lándì tí bàbá rẹ̀ ń bá ṣe ètò ohun ìní rẹ̀. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn bàbá náà, ilé kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nígbà tí ọmọ náà sì pé ọdún 3, wọ́n gbé e lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Trim, sọ́dọ̀ James Hamilton, ọmọ ìyá bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó sì ní ilé ìwé tirẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí orí wọn pé ju ọjọ́ orí wọn lọ, ẹ fi ti ọmọ yìí kún un. Nígbà tó pé ọdún 5, ó ti ń ka èdè Látìn, Gíríìkì àti Hébérù. James náà kì í ṣe ẹni tí í fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣeré. Èdè ni ó fẹ́ràn, èdè náà ni ó sì ń rọ́ sí ọmọ náà lágbárí. Kí William tó pé ọdún 13, èdè tó ti fọwọ́ kàn ti tó iye ọdún rẹ̀, Lárúbáwá, Páṣíà àti Sanskrit sì wà nínú wọn. Nígbà tí ikọ̀ ọba ilẹ̀ Páṣíà wá sí Dublin ní ọdún 1819, ọmọ ọdún 14 yìí jókòó, ó sì fi èdè Páṣíà kọ ìwé ìkíni káàbọ̀ sí i. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń rò ni pé àwọn èdè ìlà-oòrùn wọ̀nyí yóò bá a wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Íńdíà nígbà náà. Bàbá náà kò rí i kí ó dàgbà. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1817, bàbá sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1819. Bí ọmọ náà ṣe di aláìníyàá aláìní-baba nìyẹn, kò sì tíì pé ọdún 15.

Ohun tó gbé e kúrò nídìí èdè bọ́ sídìí ìṣirò jẹ́ ohun tó yẹ ká sọ. Ní ọdún 1818, wọ́n mú ọmọ Amẹ́ríkà kan wá sí Dublin, Zerah Colburn lórúkọ rẹ̀, ó sì fi ọdún kan ju William lọ. Iṣẹ́ ọmọ náà ni pé wọ́n ń gbé e káàkiri láti fi í han àwọn èèyàn: wọn yóò pe nọ́ńbà ńláńlá fún un, yóò sì ṣírò rẹ̀ láìfi kálámù kan ìwé. Wọ́n ní kí William bá a figa gbága. William pàdánù. Ọmọ tí wọn kì í borí nínú ohunkóhun rí ẹni tó borí rẹ̀, èyí sì ká a lára púpọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọwọ́ tó le mú ìwé ìṣirò. Ó ka ìwé Newton. Ó ka ìwé Laplace ará Faransé, èyí tí àwọn ọ̀gá àgbà pàápàá ń gbé gẹ̀gẹ̀, nígbà tó sì wà ní ọmọ ọdún 17, ó rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Wọ́n mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tọ John Brinkley lọ, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn awòràwọ̀ ní Írẹ́lándì, Brinkley sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Trinity ní Dublin ní ọdún 1823, òun ló sì gba ipò kìíní nínú ìdánwò àtiwọlé. Kò tíì gba oyè jáde nílé ẹ̀kọ́ náà nígbà tí wọ́n fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní ọdún 1827. Wọ́n ti sọ Brinkley di bíṣọ́ọ̀bù, àyè rẹ̀ sì ṣófo. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ, tí iṣẹ́ ìwòràwọ̀ sì ti mọ́ lára, wà lára àwọn tó ń wá ipò náà. George Airy, tó padà di olórí awòràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún 21 tó ṣì ń kàwé ni wọ́n gbé e fún. Bó ṣe kó lọ sí ilé ìwòràwọ̀ Dunsink nìyẹn, lórí òkè kan lẹ́yìn Dublin, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin sì bá a lọ. Ibẹ̀ ni ó gbé títí ó fi kú.

Ká má purọ́, awòràwọ̀ tó já fáfá kọ́ ni. Òtútù òru ń ṣe é, kò sì fẹ́ràn kí ó máa dúró ti ẹ̀rọ awò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tó wù ú ni kí ó jókòó sídìí tábìlì, kí ó máa fi ìṣirò wá ohun tí ojú kò rí. Ní ọdún 1832, ó fi ìṣirò nìkan sọ pé bí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú irú òkúta dídán kan ní ìhà kan pàtó, kò ní jáde bí ìlà kan tàbí méjì bí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí. Yóò tú ká bí ìgbà tí èèyàn bá da àrọ dojú bolẹ̀. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Humphrey Lloyd tí wọ́n jọ wà ní Trinity wá irú òkúta náà, ó sì dán an wò. Kí ọdún náà tó parí, ó ti rí i gẹ́lẹ́ bí Hamilton ti sọ. Ọdún 1835 ni wọ́n fi í jẹ oyè Sir, ọdún 1837 ni ó sì di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Írẹ́lándì.

Láàárín ọdún 1834 àti 1835 ni ó tún kọ iṣẹ́ mìíràn jáde lórí bí ohun gbogbo ṣe ń rìn, láti orí òkò tí a jù títí dé orí òṣùpá. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé nínú gbogbo ọ̀nà tí ohun kan ì bá gbà lọ láti ibì kan sí ibòmíràn, èyí tó gbà gan-an ní àmì kan tí ìṣirò fi lè yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó kù. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún wọlé, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá bí àwọn yóò ṣe ṣàlàyé ìrìn àwọn ohun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, iṣẹ́ Hamilton yìí ni wọ́n padà lọ tú wò. Ẹ jẹ́ ká fi ojú sí èyí, nítorí ọkàn ọkùnrin yìí kò kúrò lórí ọ̀nà: èwo ni ó ṣeé gbà, èwo ni ó yẹ ní gbígbà.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ìṣirò. Ní ọdún 1824, ó pàdé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Catherine Disney, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ni, kò sì lè fẹ́ ìyàwó. Ní ọdún 1825, wọ́n fi Catherine fún àlùfáà kan tó dàgbà jù ú, tó sì rí já jẹ. Ìbànújẹ́ náà wọ Hamilton lára débi tí ó fi rò ó lọ́kàn láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ó fẹ́ Helen Bayly ní ọdún 1833, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ara Helen kò le, ó sì máa ń kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tí Catherine wà lórí àìsàn tó pa á ní ọdún 1853, Hamilton lọ kí i, ó sì fún un ní ẹ̀dà ìwé tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde.

Ìwé wo? Ìwé lórí quaternion ni, ohun tó gba ọdún 22 ìkẹyìn ayé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá irú nọ́ńbà kan tí yóò lè ṣojú fún ibi tí ohun kan wà nínú òfuurufú, tí èèyàn yóò sì lè máa sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó máa pín in. Ó fi nọ́ńbà alápá mẹ́ta dán an wò fún ọdún púpọ̀, kò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1843, òun àti Helen ń fi ẹsẹ̀ rìn létí odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ tó wọ Dublin, ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí wọ́n ti dé ìdí afárá kan tí wọ́n ń pè ní Broom Bridge ni ó là á lójú pé apá mẹ́rin ni nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ ní, kì í ṣe mẹ́ta. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì fín òfin nọ́ńbà náà sára òkúta afárá. Ohun tó ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu jù ni pé nínú ìṣirò tuntun yìí, bí a bá fi èyí ṣáájú ìyẹn nígbà tí a bá ń sọ wọ́n di púpọ̀, ohun tí a ó rí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú bí a bá fi ìyẹn ṣáájú èyí. Fífín tó fín in ti pa rẹ́ lára òkúta, ṣùgbọ́n ní ọdún 1958, Éamon de Valera tó jẹ́ olórí ìjọba Írẹ́lándì nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ìṣirò, ṣí òkúta ìrántí kan níbẹ̀. Lónìí, àwọn tó ń ṣe ètò bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń yí àti bí àwòrán ṣe ń yí lójú kọ̀ǹpútà ń lo quaternion lójoojúmọ́.

Inú ìṣirò tí ìtòtẹ̀léra ti ṣe pàtàkì báyìí ni eré ìlú 20 ti jáde. Ní ọdún 1856, Hamilton ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Graves, ó sì ń ṣàlàyé ìṣirò mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹ fojú inú wo ohun kan bí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe róbótó: ojú 12 ló ní, ojú kọ̀ọ̀kan ní etí márùn-ún tó gùn bákan náà, gbogbo etí rẹ̀ jẹ́ 30, igun tí àwọn etí wọ̀nyí ti pàdé sì jẹ́ 20. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹni. Hamilton rí àmì ìṣirò tí èèyàn lè fi kọ pé kí a yà sọ́tùn-ún tàbí sósì bí a ti ń rìn láti igun dé igun, ó sì fi í wádìí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yí gbogbo igun ká lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí igun 20 yìí ni ó ṣe sọ ọ́ ní Icosian, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ogún. Bí ẹ bá ka àlọ àti àbọ̀ sí ọ̀nà kan náà, ọ̀nà 30 péré ló wà láti yí i po. Bí ẹnìkan bá sì ti yan igun márùn-ún àkọ́kọ́ fún yín ní títẹ̀léra, ẹ ó máa lè parí ìrìn náà nígbà gbogbo.

Graves ni ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn Jaques. Yàtọ̀ sí pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n tún ṣe ẹ̀yà mìíràn tí ó ní ọwọ́ bí ẹ̀fọ́ olú, tí èèyàn yóò máa fi okùn yí àwọn èèkàn orí rẹ̀ ká. Nínú èyí, igun kọ̀ọ̀kan dúró fún ìlú kan láyé: B jẹ́ Brussels, D jẹ́ Delhi, M jẹ́ Moscow, títí dé orí Z tó jẹ́ Zanzibar. Arìnrìn-àjò tó fẹ́ yí ayé po ni ẹni tó ń ṣeré.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀. Irú ìyípo báyìí, tí èèyàn dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì padà sílé, orúkọ Hamilton ni wọ́n fi ń pè é nínú gbogbo ìwé ìṣirò lónìí. Ṣùgbọ́n àlùfáà ìjọ kan wà ní abúlé Croft, ní agbègbè Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Thomas Kirkman. Ní ọdún 1855, kí Hamilton tó kọ̀wé sí Graves, Kirkman ti fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti bèèrè ìbéèrè yìí kan náà. Kì í ṣe nípa ohun olójú 12 nìkan ni ó bèèrè o, nípa gbogbo ohun tó ní ojú àti igun ni. Ó tilẹ̀ fi hàn pé àwọn kan wà tí irú ìyípo bẹ́ẹ̀ kò lè ṣeé ṣe lórí wọn láéláé. Bẹ́ẹ̀ sì ni Euler ti wádìí ìrìn ẹṣin lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì láti ọdún 1759, ohun kan náà sì ni lábẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, Kirkman ló jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Hamilton ni ayé mọ̀, eré rẹ̀ sì wà lórí àtẹ. Bí orúkọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan nìyẹn.

Àwọn ọdún ìkẹyìn Hamilton kò tuni lára tó. Wọ́n máa ń sọ pé ọtí ló bà á jẹ́. Lóòótọ́ ni pé ó ṣe ohun tí kò bójú mu níbi àsè kan ní ọdún 1846, ọ̀rọ̀ náà sì tàn ká Dublin débi tí ó fi jáwọ́ nínú ọtí fún ọdún méjì. Àwọn tó tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò láìpẹ́ yìí rí i pé àsọdùn pọ̀ nínú ìtàn náà, èmi náà sì gbà pẹ̀lú wọn: ọ̀mùtí paraku kọ́ ni í kọ irú ìwé tí ọkùnrin yìí kọ sílẹ̀. Wákàtí 12 kì í tó o lẹ́nu iṣẹ́ nígbà mìíràn, ìwé kún gbogbo iyàrá rẹ̀, wọ́n sì ní oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un máa ń tutù sí abẹ́ ìwé láì fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1865, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti òkè òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ṣáájú. Ìròyìn ayọ̀ náà bá a lórí àìsàn. Ó kú sí Dunsink ní ọjọ́ kejì oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà, ẹni ọgọ́ta ọdún, àrùn gout sì ni ó pa á. Ìwé ńlá tó ń kọ lórí quaternion kò tíì parí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, William Edwin, ni ó bá a gbé e jáde ní ọdún 1866.

Eré tí kò tà yẹn kò bá a kú. Ìbéèrè Hamilton ni pé, ǹjẹ́ a lè yí gbogbo ìlú po? Ẹni tó ń gbé ọjà kiri yóò fi ọ̀rọ̀ kan kún un: nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà yí i po, èwo ló kúrú jù? Ní ọdún 1832, ìwé kan ti jáde ní Jámánì fún àwọn alájàpá, tó ń tọ́ka sí àwọn ọ̀nà tó dára láti gbà láàárín àwọn ìlú Jámánì àti Switzerland, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò kankan nínú rẹ̀. Ọdún 1930 ni Karl Menger gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Vienna. Láti ìgbà náà ni ìṣòro alájàpá ti di ohun tí wọ́n ń bá jà.

Ẹ lè bèèrè pé kí ló le níbẹ̀. Ṣebí kí èèyàn ka gbogbo ọ̀nà, kí ó mú èyí tó kúrú jù? Fún ìlú márùn-ún, ọ̀nà 12 ló wà. Fún ìlú 10, ó ti di 181,440. Fún ìlú 20 bíi ti eré Hamilton, bí ọ̀nà bá wà láti ìlú kọ̀ọ̀kan dé gbogbo èyí tó kù, iye rẹ̀ jẹ́ 60,822,550,204,416,000. Kọ̀ǹpútà tó bá ń yẹ mílíọ̀nù kan wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò lò ju ọdún 1,900 lọ kí ó tó parí. Bí a bá sì sọ pé kí alájàpá ṣáà máa lọ sí ìlú tó sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí kò tíì dé, ìyẹn náà ń tan ni jẹ: ìlú tó fò sílẹ̀ lọ́nà yóò di ohun tí yóò rin ìrìn gígùn padà wá lẹ́yìn ọ̀la.

Ní ọdún 1954, George Dantzig, Ray Fulkerson àti Selmer Johnson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ RAND ní California, mú ìlú 49 ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 48 tó wà nígbà náà, pẹ̀lú Washington. Wọn kò ka ọ̀nà kankan ní kíkà. Wọ́n kọ́kọ́ tú òfin náà sílẹ̀, wọ́n gbà kí ìṣirò mú ìdajì ojú ọ̀nà tàbí kí ó pín ìrìn sí òbìrí-òbìrí tí kò bára wọn pàdé. Ìdáhùn tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ mú wá kò lè gùn ju ìrìn tòótọ́ tó kúrú jù lọ. Nígbàkígbà tí wọ́n bá rí àbùkù nínú rẹ̀, wọn yóò fi òfin kan kún un tí yóò gé àbùkù náà kúrò, tí kò sì ní fọwọ́ kan ìrìn tòótọ́ kankan. Bí wọ́n ti ń gé e bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ń súnmọ́ òtítọ́, títí ó fi di ìrìn kan ṣoṣo tó gùn tó máìlì 12,345, wọ́n sì lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé kò sí èyí tó kúrú jù ú lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ́n yìí ló wù mí jù.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tó yá, tí kò sì ní ẹ̀rí. Ní ọdún 1958, Croes sọ pé kí a mú ìrìn èyíkéyìí, kí a wá ojú ọ̀nà méjì tó kọjá lórí ara wọn, kí a gé wọn, kí a sì tún wọn so ní òdìkejì. Ìrìn náà yóò kúrú sí i. Shen Lin àti Brian Kernighan mú ọgbọ́n yìí gòkè ní ọdún 1973. Nígbà tó yá, àwọn kan tilẹ̀ wo bí èèrà ṣe ń fi òórùn tọ́ ara wọn sọ́nà, wọ́n sì kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa ṣe bíi tiwọn. Ní ti àwọn tó dúró ti ẹ̀rí, David Applegate, Robert Bixby, Vašek Chvátal àti William Cook tẹ̀ síwájú lórí ọgbọ́n ọdún 1954. Ní ọdún 2004, àwọn àti ẹnì kan tó dara pọ̀ mọ́ wọn rí ìrìn tó kúrú jù láàárín ìlú àti abúlé 24,978 ní Sweden. Ní ọdún 2006, wọ́n yanjú ti ojúkò 85,900 tí wọ́n mú láti inú iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó rí algorithm kan, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tó dájú pé yóò yára yanjú ti iye ìlú èyíkéyìí. Kódà ìbéèrè Hamilton fúnra rẹ̀, tí kò mẹ́nu ba gígùn ọ̀nà, kò rọrùn jù ú lọ. Ní ọdún 1972, Richard Karp fi í sínú ìṣòro 21 tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí ọ̀nà tó yá láti yanjú ọ̀kan ti yanjú gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ Clay ní Amẹ́ríkà gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ ní ọdún 2000 fún ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn bóyá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà tàbí kò sí. Kò tíì sí ẹni tó gbà á.